Francisco Tárrega: ohun tó ṣe fún jìtá, àti bí a ṣe ń ta orin rẹ̀

#1 OkùnMẹ́fà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Nínú ìjíròrò tí a ṣe kọjá lórí orin ilẹ̀ Sípéènì, ẹnì kan kọ ọ́ pé Francisco Tárrega kò ṣe ju "orin fóònù Nokia àti orin kan tó ń gbọ̀n" lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọkùnrin yìí ló la ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tó bá gbé jìtá olókùn ọ̀rá lé itan ń tọ̀ títí dòní, ó sì yẹ ká gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe rí.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí: Villarreal ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Castellón, lápá ìlà-oòrùn Sípéènì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1852. Kékeré ló wà tó já sínú kòtò omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Ojú rẹ̀ bàjẹ́ níbẹ̀, kò sì dá ṣáṣá mọ́. Bàbá rẹ̀, tóun náà ń ta jìtá, kó ẹbí lọ sí Castellón kí ọmọ lè kọ́ orin, pé bí ojú bá kọ̀ pátápátá, ọwọ́ á bọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Eugeni Ruiz àti Manuel González, afọ́jú làwọn méjèèjì. Ní 1862, Julián Arcas, ọ̀gá oníjìtá ìgbà náà, wá ṣeré ní Castellón, ó gbọ́ ọmọ náà, ó sì ní kí wọ́n mú un wá bá òun ní Barcelona. Ní 1874 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá ti Madrid, níbi tó ti kọ́ orin kíkọ lọ́dọ̀ Emilio Arrieta. Ní 1881 ó ta jìtá ní Lyon àti Paris. Láti 1885, Barcelona di ibùjókòó rẹ̀. Ní 1906, apá ọ̀tún ara rẹ̀ rọ. Barcelona náà ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1909.

Fernando Sor àti Dionisio Aguado, àwọn oníjìtá Sípéènì méjì, ti fi hàn ṣáájú rẹ̀ pé jìtá lè dá orin sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tárrega fi máa dàgbà, dùùrù ti gba gbogbo gbọ̀ngàn, èrò ọ̀pọ̀ èèyàn sì ni pé jìtá ò ju ohun tí a fi ń gbe orin lẹ́sẹ̀ lọ. Tárrega mọ dùùrù dáadáa. Ohun tó ṣe ni pé ó kó ọ̀rọ̀ dùùrù sínú okùn mẹ́fà, ó sì wá ọ̀nà tí ọwọ́ fi lè sọ ọ́. Orin tó kọ fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 78. Èyí tó tún tò láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn tó 120. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa, ẹ óo rí i pé iṣẹ́ títún-tò ló pọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé agbára rẹ̀ wà.

Àní ìjókòó tí a ń jókòó: ẹsẹ̀ òsì lórí àpótí kékeré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, jìtá lórí itan òsì, orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di àṣà gbogbo ayé. Ó yá, ẹ gbà á níbẹ̀.

#2 PákóOjú

Ẹ̀gbọ́n OkùnMẹ́fà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ẹni tó kan jìtá náà pẹ̀lú, torí ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí.

Antonio de Torres (1817–1892), ará Almería, ni. Jìtá tó kàn ní Sevilla ní 1864 ni Tárrega rà ní 1869, òun ló sì ń tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Torres mú ikùn jìtá fẹ̀ sí i, ó fá pákó ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá lẹ igi wẹ́wẹ́ méje mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tàn ká bí abẹ̀bẹ̀. Okùn tó lè gbọ̀n jẹ́ mìlímítà 650. Ìwọ̀n yẹn náà ni jìtá tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí.

Torres gbà pé pákó ojú ló ń sọ̀rọ̀. Láti fi hàn bẹ́ẹ̀, ní 1862 ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ jìtá kan, ó fi igi gidi ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona di òní. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Tárrega ni pé ohùn òkè tó ń kọ fún okùn kìn-ín-ní àti ìkejì nílò jìtá tí ohùn rẹ̀ kì í tètè kú. Bí pákó ojú bá nípọn jù, ohùn á gbá kò, á sì pa lójú ẹsẹ̀. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ibi tí okùn so mọ́ á wú, iwájú rẹ̀ á sì tẹ̀ wọnú.

Okùn ìgbà náà kò jọ tiwa. Ìfun ẹran ni okùn mẹ́ta tí ohùn wọn ga (ìkìn-ín-ní dé ìkẹta), síliki tí wọ́n fi wáyà wé lára ni mẹ́ta tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀ (ìkẹrin dé ìkẹfà). Ìgbà ogun àgbáyé kejì lọ tán ni okùn ọ̀rá dé, láti ọwọ́ Albert Augustine ní New York. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń ka ìwé orin Tárrega: ọ̀pọ̀ ibi tó kọ ọ́ pé kí a ta orin lórí okùn kejì tàbí ìkẹta, ohùn ìfun tó rọ̀ tó sì ṣókùnkùn ló ń wá.

Fún ẹni tó wà nílé: ọyẹ́ máa ń la pákó ojú. Fi kànrìnkàn tó tutù díẹ̀, tí kò kán omi, sínú ike ọṣẹ tí o lu ní ihò, kó o gbé e sínú àpótí jìtá lẹ́bàá orí rẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó dáa fún igi ni 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

#3 ÌkaÒrùka

"Orin kan tó ń gbọ̀n" tí ẹni yẹn sọ, *Recuerdos de la Alhambra* ni. Alhambra ni ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí tó wà ní Granada. Ẹ jẹ́ ká tú orin náà wò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìka tó yára ni gbogbo rẹ̀.

Báà (ìpín orin kọ̀ọ̀kan) oní bíìtì mẹ́ta ni. Apá kìn-ín-ní wà ní A minor, apá kejì bọ́ sí A major, bí ẹni ṣí fèrèsé sílẹ̀. Àtàǹpàkò (p) ń rìn lórí okùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ìka òrùka (a), ìka àárín (m) àti ìka ìlábẹ̀ (i) ń ta okùn òkè kan náà léraléra. Ìtò rẹ̀ ni p-a-m-i. Ìtò méjì wà nínú bíìtì kan, mẹ́fà nínú báà kan, ìyẹn nóòtì 24.

Jìtá ò lè fa ohùn gùn bíi fayolíìnì. Bí o bá ta okùn, ohùn ti ń kú lọ nìyẹn. Trẹ́mólò ni ẹ̀tàn tó ń jẹ́ ká gbọ́ ohùn kan tó ń ṣàn láìdá. Nítorí náà, ìyára kọ́ là ń lé, bí kò ṣe ìdọ́gba. Trẹ́mólò tó dọ́gba tó sì lọ́ra ń ṣàn ju èyí tó yára tó ń kọsẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Kọ́kọ́ ta ohùn àtàǹpàkò nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó dùn bí orin gidi. Lẹ́yìn náà, ta ohùn òkè nìkan, nóòtì kan fún bíìtì kan, kó o gbọ́ ibi tó ń lọ. Ìgbà tí méjèèjì bá ti wọ etí ni kó o tó so wọ́n pọ̀. Gbé metronome (agogo tó ń ka bíìtì) sí 60, ìtò p-a-m-i kan fún ìró kan, ìyẹn nóòtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Máa fi 4 kún un. Níbi tó bá ti dàrú, padà sẹ́yìn ní 8, má jà á. Bó bá dé 120, nóòtì mẹ́jọ lò ń ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, orin náà ti duro lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní 144 ó di 9.6. Kò pọn dandan kó kọjá ibẹ̀.

Ìka kì í fò kúrò lórí okùn. Ìrìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ, oríkèé tó so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ló sì ń gbé e.

#4 Akẹ́kọ̀ọ́Okùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan: kí ló ń fà á tí trẹ́mólò fi ń dún bí ẹṣin tó ń sáré, pa-ka-ta, pa-ka-ta, dípò kó ṣàn? Àti kí ló dé tó fi máa ń dàrú jù bí ohùn òkè bá bọ́ sórí okùn kejì?

#5 ÌkaÒrùka

Ìbéèrè tó dáa. Ìdí tí ẹṣin fi ń sáré ni pé a, m, i ń bọ́ jáde pọ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ kan, àlàfo wá ń ṣí láàárín i àti p. Etí olùtajìtá kì í gbọ́ ọ torí p ló ń gbà bí ìbẹ̀rẹ̀. Yí ìbẹ̀rẹ̀ náà padà: ka ìtò náà bí i-p-a-m, kí ìró metronome bọ́ sórí i. Lójú ẹsẹ̀ ni àlàfo náà á fara hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ okùn nítòsí ibi tí wọ́n so mọ́ kí ohùn pa. Ohun tí wàá máa gbọ́ kò ju kò-kò-kò-kò lọ, bí ẹni fi ìka kan tábìlì. Etí kì í ṣìnà níbẹ̀, torí kò sí ohùn dídùn tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan tí a fi ń sáré.

Ẹ̀kẹta: fi agbára sórí a nìkan fún báà mẹ́rin, lẹ́yìn náà m, lẹ́yìn náà i. Èyí tó bá ṣòro jù lọ ni ìka tó ń sá fún iṣẹ́. M ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí òun ló gùn jù, ó sì máa ń kọ́ okùn.

Ní ti okùn kejì, kò sí àyè. Lórí okùn kìn-ín-ní, ìta ṣófo, ìka lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Lórí ìkejì, okùn wà lọ́tùn-ún àti lósì, èékánná tó bá gùn díẹ̀ á kan okùn kìn-ín-ní, ó sì máa dún tín. Gbé ọrùn ọwọ́ sókè tíńtín, kí ìka dé okùn láti òkè ju láti ẹ̀gbẹ́ lọ, kó o sì dín ìrìn ìka kù sí ìdajì. Orí okùn kejì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò rẹ lójoojúmọ́. Bó bá dọ́gba níbẹ̀, ti okùn kìn-ín-ní á rọrùn.

Àtàǹpàkò náà, ẹ kìlọ̀ fún un. Òun ló lágbára jù, òun ló sì máa ń bo orin mọ́lẹ̀.

#6 ẸranÌka

Ẹ̀gbọ́n ÌkaÒrùka dárúkọ èékánná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tárrega ti yàtọ̀ sí tiwa. Ní nǹkan bí 1902, ó gé èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń fi ẹran ìka ta okùn títí ó fi kú. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pín sí méjì lórí rẹ̀. Emilio Pujol (1886–1980) tẹ̀ lé e, kò fi èékánná ta jìtá. Miguel Llobet (1878–1938) dá tirẹ̀ sí. Andrés Segovia, oníjìtá Sípéènì tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tárrega rárá, náà fi èékánná tà, nǹkan tó wá gbalé ayé nìyẹn.

Ẹran ìka máa ń mú ohùn tó yípo, tó kún, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Tárrega fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn gbọ̀ngàn ńlá, inú ilé láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ló ti máa ń tà jù, nítorí náà kò pàdánù púpọ̀. Ní gbọ̀ngàn onírinwó ìjókòó, kò ní tó.

Ẹni tó fẹ́ èékánná, kó yọ kọjá orí ìka ní mìlímítà kan sí méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àtàǹpàkò lè fi díẹ̀ gùn sí i. Fi fáìlì tẹ̀ lé ìrísí orí ìka, lẹ́yìn náà fi pépà oníyanrìn (sandpaper) 600, kó o parí rẹ̀ pẹ̀lú 2000 títí etí rẹ̀ á fi dán bí gíláàsì. Ibi tó bá rí ṣáṣá ló ń kọ́ okùn, òun ló sì ń fa ìró fíí tí a máa ń gbọ́ nínú trẹ́mólò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹran ìka ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan okùn, kí èékánná tó gbà á lọ. Bí èékánná bá dá lọ, ohùn á tínrín.

Àti apoyando: ìka á ta okùn, á sì sinmi lórí okùn tó kàn. Ohùn tó wúwo ni, Tárrega sì lò ó gan-an fún ohùn òkè. Kò ṣeé lò nínú trẹ́mólò, ó máa dí okùn tó kàn lẹ́nu.

#7 DùùrùÀtiOkùn

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n OkùnMẹ́fà lórí títún-tò, torí ẹ̀gbẹ́ dùùrù ni mo ti wá sí i.

Ẹ mú Nocturne Op. 9 No. 2, orin dùùrù ti Chopin. E-flat major ni Chopin kọ ọ́ sí. Tárrega gbé e lọ sí A major. Kí nìdí? Okùn jìtá ní ṣíṣí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni E, A, D, G, B, E. Nínú A major, bẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tí orin nílò jù ni A, D àti E. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ okùn ṣíṣí. Àtàǹpàkò ta á, ó ń dún lọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì sì ráyè gòkè lọ bá ohùn orin. Nínú E-flat, kò sí èyí tó ṣí nínú bẹ́ẹ̀sì pàtàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ òsì á máa di okùn mú lásán, orin ò ní lè mí.

Ẹni tó fẹ́ tún orin dùùrù tò, kó tẹ̀ lé e báyìí. Kọ ohùn òkè sílẹ̀, kọ bẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, fi gbogbo àárín sílẹ̀ ná. Wá kíì tí bẹ́ẹ̀sì yóò ti bọ́ sórí okùn ṣíṣí jù lọ. Wò ó bóyá ohùn òkè kò kọjá irin 15 lórí okùn kìn-ín-ní (irin ni àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá). Ìgbà yẹn ni kó o tó máa dá ohùn àárín padà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń fi hàn bóyá kọ́ọ̀dù náà minor ni tàbí major ni kó kọ́kọ́ wọlé. Nóòtì tó ti wà nínú kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, tí dùùrù kàn ń tún sọ lókè tàbí nísàlẹ̀, jù ú nù. Ọwọ́ òsì ń bo irin mẹ́rin láìnà, márùn-ún pẹ̀lú nínà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nóòtì kan gbọ́dọ̀ lọ.

Tárrega kì í ṣàánú nóòtì tó bá ń dí ohùn lọ́nà. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lára rẹ̀ nìyẹn.

#8 IléOrinGranada

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò ní gbàgbé Asturias, orin dùùrù ti Isaac Albéniz ará Sípéènì, tí Tárrega tún tò fún jìtá? Òun ló fi jẹ́ ká mọ orin náà.

#9 DùùrùÀtiOkùn

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ lórí ìyẹn. Tárrega tún àwọn orin Albéniz tò lóòótọ́, *Granada* àti *Cádiz* wà lára wọn. Wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí Asturias náà, àmọ́ èyí tó tàn káyé, Segovia ló tò ó.

Orúkọ yẹn gan-an, Albéniz kọ́ ló sọ ọ́. Ní 1892 ni orin náà jáde, "Preludio" lásán ni, ìkìn-ín-ní nínú *Chants d'Espagne*. Albéniz kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1909, oṣù bíi méje ṣáájú Tárrega. Ní 1911 ni ilé ìtẹ̀wé Hofmeister wá fi kún *Suite española*, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní "Asturias (Leyenda)". Asturias wà ní àríwá. Orin náà sì jẹ́ ti gúúsù, Andalucía, láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìdí tó fi bá jìtá mu tó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí. Lórí dùùrù, G minor ni, nóòtì D kan sì ń kan léraléra bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Gbé e lọ sí E minor, nóòtì yẹn di B, B sì ni okùn kejì ní ṣíṣí. Àtàǹpàkò á máa ta ohùn orin lórí bẹ́ẹ̀sì, ìka á máa kan okùn ṣíṣí náà láìsí pé ọwọ́ òsì ń tẹ ohunkóhun níbẹ̀. Albéniz kọ ọ́ fún dùùrù, àmọ́ jìtá ló ń gbọ́ létí.

#10 AgogoFóònù

Ó yá, orin Nokia. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó ti wá lójú.

*Gran Vals*, 1902, A major. Báà 13 sí 16 ni Nokia gé jáde, wọ́n sì fi sórí Nokia 2110 ní 1994. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí Nokia 3310 sì kún ọwọ́ gbogbo èèyàn, kò sí ọjà tàbí mọ́tò danfó tí ohùn Tárrega kò dún nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀.

Nóòtì 13 ni: E D F# G#, C# B D E, B A C# E, A. Nínú báà kọ̀ọ̀kan, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì bíìtì, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ bíìtì kọ̀ọ̀kan. A ìkẹyìn gba bíìtì mẹ́ta.

Bí a ṣe lè tẹ ohùn òkè náà láìfò kiri: E okùn 1 irin 12, D okùn 1 irin 10, F# okùn 2 irin 7, G# okùn 2 irin 9. C# okùn 1 irin 9, B okùn 1 irin 7, D okùn 3 irin 7, E okùn 3 irin 9. Lẹ́yìn náà B okùn 1 irin 7, A okùn 1 irin 5, C# okùn 3 irin 6, E okùn 2 irin 5, A okùn 1 irin 5.

Àṣìṣe tí fóònù fi kọ́ gbogbo wa ni pé wọ́n ta nóòtì gbogbo ní agbára kan náà. Ijó wáàsì ni. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ń wúwo, méjì tó kù ń fúyẹ́. Ta á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàá gbọ́ orin mìíràn.

#11 Akẹ́kọ̀ọ́Okùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èwo ni kí ẹni tó ti ń ta jìtá fún ọdún kan fi bẹ̀rẹ̀, kó tó dé Recuerdos?

#12 OkùnMẹ́fà

*Lágrima*. Báà mẹ́jọ ní E major, mẹ́jọ ní E minor, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó kéré lójú, kò kéré lọ́wọ́. Ẹ wo báà kìn-ín-ní: lórí okùn 1, irin 4, 5, 7, lórí okùn 4, irin 2, 4, 6, okùn kejì ṣíṣí ń dún láàárín wọn. Ìka méjì jọ ń gòkè, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn yí padà: irin méjì ló wà láàárín wọn níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹyọ kan. Bí ìka bá gbàgbé láti súnmọ́ra, okùn 4 á dún bí ìró kòkòrò. Fi ojú sí ìka tó wà lórí okùn 4, kì í ṣe tòkè.

Lẹ́yìn rẹ̀, *Adelita*. Òun fi E minor bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí E major, òdìkejì Lágrima. Ijó mazurka ni, nítorí náà má ṣe fà á bí orin ẹkún.

Ìkẹta ni *Capricho árabe*, tó fi ta Tomás Bretón, akọrinsílẹ̀ ará Sípéènì, lọ́rẹ. D minor ni, ó gba F major kọjá, ó wọ D major, ó sì padà sílé. Níbẹ̀ ni ẹ óo ti bá ìfàgùn ohùn pàdé, ìlà tí Tárrega máa ń fà láti nóòtì kan sí òmíràn: ìka kò kúrò lórí okùn, ó ń yọ́ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyọ́ náà fi ń ké. Dín agbára ìka kù sí ìdajì lójú ọ̀nà, kó o sì dé orí nóòtì kejì ní àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyọ́ náà ń jẹ lára àsìkò nóòtì tó ṣáájú, kì í jẹ lára èyí tó ń bọ̀.

Tárrega kò kọ ìwé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Pujol ló ṣe é, *Escuela razonada de la guitarra*, ìdìpọ̀ kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1934, Manuel de Falla, akọrinsílẹ̀ ará Sípéènì, sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Falla kan náà ti kọ *Homenaje* fún jìtá ní 1920, ní ìrántí Debussy, akọrinsílẹ̀ ará Faransé, torí Llobet bẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bí okùn náà ṣe gùn tó.

#13 ẸranÌka

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ń fi 1896 sí Recuerdos. Ìwé àfọwọ́kọ tí Tárrega fi ránṣẹ́ sí Concepción Gómez de Jacoby, obìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 lára, orúkọ tó sì wà lórí rẹ̀ ni "A Granada". Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni ìfitọrẹ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Alfred Cottin, oníjìtá ará Faransé. Bí ẹ bá rí ìfitọrẹ méjì, ẹ má rò pé ẹnì kan ṣìṣe.

#14 Akẹ́kọ̀ọ́Okùn

Ẹ jọ̀ọ́, Capricho: wọ́n ní kí a rẹ okùn kẹfà sílẹ̀. Ó máa ń kúrò ní ohùn láàárín orin. Kí la lè ṣe?

#15 PákóOjú

Láti E wá sí D ni, ohùn kan odidi. Okùn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń fẹ́ padà sókè díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kúrò. Rẹ̀ ẹ́ kọjá D díẹ̀, fi ọwọ́ fa okùn náà sókè jẹ́jẹ́ lórí irin 12 lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kó o tó wá gbé e gòkè dé D. Ta á pọ̀ pẹ̀lú okùn kẹrin ní ṣíṣí, D kan náà ni àwọn méjèèjì. Bí ohùn wọn bá ń gbọ̀n wìì-wìì, kò tíì dé. Dúró ìṣẹ́jú méjì, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o tó bẹ̀rẹ̀.